Lẹ́tà Mẹ́ta, Ẹnìkan Ṣoṣo

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ọkùnrin kan fi ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn ọmọléèwé. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn kan ní torí pé ó tín-ín-rín ni, àwọn kan ní torí pé kò sí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé lára ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ kò béèrè rí. Maṣíìnì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà ní gbọ̀ngán náà, ó sì mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Bó bá jókòó tó ń jẹun ọ̀sán, tí ọ̀kan nínú wọn bá yí ohùn padà lọ́hùn-ún, á gbé ṣíbí kalẹ̀, á ní, "Ìlà kẹta, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Òwú ìsàlẹ̀ ti lọ́." Kí wọ́n tó rán ẹnì kan wá pè é, ó ti wà lọ́nà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá àgbà kó gbogbo wọn jọ, ó ka ìwé kan tí kò pé ojú ewé kan. Ó ní ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó yìn wọ́n, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi, agolo epo ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngán náà ló kọ́kọ́ já a láyà: àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, maṣíìnì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ọ̀kan ò fọhùn.

Abẹ́rẹ́ ò sì wáṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kékeré ló ń ṣọ́ géètì níbẹ̀ nígbà kan. Ó lọ gbé oúnjẹ fún un lọ́jọ́ kan, ó bá obìnrin kan tó ń bá maṣíìnì jà, ó bá a tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé, kò sì kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Wàyí o, ó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́ta, wọ́n ní kó lọ wáṣẹ́. Níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Ó jí láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí. Ó padà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ sì rọra bá a gba agolo epo lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà ló kọ́kọ́ dé. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni, Bọ̀dá Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é. Ó jókòó, ó tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní bébà tó nílà.

"Àna mi," ló wí, "iṣẹ́ kì í wá èèyàn wálé. Lẹ́tà ìwáṣẹ́, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́. Bí ọ̀gá bá ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni, ó ti rí ìwà ẹni nìyẹn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo lẹ lọ?"

"Bọ̀dá, ṣé ìyẹn náà kàn wọ́n?"

"Kí ni ò kàn wọ́n?"

Nígbà tí wọ́n máa fi parí, ojú ewé mẹ́ta ti kún. Ojú ewé kìíní parí kí Abẹ́rẹ́ tó dàgbà. Ní ojú ewé kejì, ó gba ẹ̀bùn eré sísá. Ìdajì ojú ewé kẹta ni ó tó fọwọ́ kan maṣíìnì, ìkíni ìparí ló sì gba ìyókù. Bọ̀dá Akọ̀wé fún un ní táì aláwọ̀ ewé kan, ó ní kó máa gbé lẹ́tà náà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Òun náà mú ẹ̀dà díẹ̀, ó ní òun á bá a fi sí ibi tí wọ́n ti mọ òun.

Ọmọ Abẹ́rẹ́ obìnrin, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, dé lópin ọ̀sẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Dádì, ta ló fẹ́ ka gbogbo èyí? Ojú ni wọ́n kàn fi ń gbá ìwé wọ̀nyí. Ojú ewé kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lò nínú ìpolówó iṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ mú un lò." Ó ti fa fóònù rẹ̀ yọ. "Àwọn mélòó ló wà lábẹ́ yín?"

"Lábẹ́ èmi kẹ̀? Èmi nìkan ni, àti agolo epo."

"Ẹ̀ka yín ńkọ́?"

"Èmi ni ẹ̀ka."

"Ẹ̀yin lolórí ẹ̀ka nìyẹn." Ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: Olórí Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ gba fóònù náà, ó wo orúkọ ara rẹ̀ lókè ọ̀rọ̀ náà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ẹnì kan tó jọ ọ́. Kó tó dá fóònù padà, ọmọ ti ní òun ti fi ránṣẹ́ síbi méje. Ibi wo ni méje náà? Ó dárúkọ wọn wàràwàrà, kò sí èyí tí bàbá rẹ̀ rántí.

Ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn. Sítọ́ọ̀ náà ni wọ́n ń pe òun alára. Ìyẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Lẹ́tà kọ́! Èèyàn lèèyàn fi ń ríṣẹ́. Mo mọ ẹni tó mọ ẹnì kan tó máa bá wa gbé ìwé wọlé. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ sọ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo lo mọ̀. Ihò yòówù tó bá wà, kí wọ́n lè fi ẹ́ dí i. Ṣó o lè wakọ̀?"

"Mo gbé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ dé géètì lẹ́ẹ̀mejì."

"Dírẹ́bà ni ẹ́." Nínú lẹ́tà ti Sítọ́ọ̀, Abẹ́rẹ́ ti wakọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó ti ṣọ́ sítọ́ọ̀, ó ti ṣọ́ géètì. Títún maṣíìnì ṣe wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìpàdé tó wá dúró sẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹni tó lè kọ̀ fún èèyàn. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní oríta, tí ẹni mẹ́ta ń pè é láti ọ̀nà mẹ́ta, níbo ni yóò kọjú sí? Ní àárọ̀, á so táì mọ́rùn, á di ẹni tó gba ẹ̀bùn eré sísá. Bó bá di ọ̀sán, ọmọ á pè é pé kó wo ìpolówó kan, á di olórí ẹ̀ka. Ní ìrọ̀lẹ́, á bá Sítọ́ọ̀ lọ kí ẹnì kan tó mọ ẹnì kan, á sì di dírẹ́bà. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, wò ó títí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó lanu.

"Bàbá ọmọ mi," ló wí, "nínú gbogbo àwọn ọkùnrin tó ń jáde nílé yìí lójúmọ́, èwo ni ọkọ mi? Kí n lè mọ ẹni tí mò ń bu oúnjẹ fún."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, fóònù dún. Orí àga ni Abẹ́rẹ́ wà, ó ń gbé kọ́tìnnì kọ́, ìkọ́ kọ́tìnnì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé fóònù sí etí pẹ̀lú èjìká.

"Ẹ káàsán, sà," ohùn obìnrin kan wí. "Ìwé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ wá rí wa ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ilé gíga tó kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́, àjà kẹta."

"Ẹ ṣeun, mà! Ẹ ṣeun púpọ̀, mà!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti pa fóònù kó tó rántí pé òun ò béèrè ẹni tó ń pè. Kò béèrè orúkọ ilé iṣẹ́. Kò béèrè iṣẹ́. Ó pe nọ́ńbà náà padà, ohùn ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn pé kó tẹ èyí, kó tẹ tọ̀hún. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ tán, orin ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó jókòó sílẹ̀, kọ́tìnnì lórí itan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé ti gbóná.

"Lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta ni wọ́n rí," Bọ̀dá Akọ̀wé wí. "Ilé gíga! Ibi tí wọ́n ti mọ ìwé nìyẹn. Ẹ so táì yẹn dáadáa."

"Bọ̀dá, ta ló tún ń gba lẹ́tà ọlọ́wọ́ láyé ìsìnyí?" ọmọ wí. "Lórí fóònù ni mo fi tèmi ránṣẹ́, orí fóònù náà ni wọ́n fi pè wọ́n. Dádì, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín. Níbo lẹ rò pé ẹ máa wà ní ọdún márùn-ún sí i?"

Abẹ́rẹ́ rò ó dáadáa. "Nílé wa níbí ni."

"Dádì!"

"Ṣé ká kó kúrò ni?"

Sítọ́ọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ lu àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ má da ọkùnrin yìí láàmú. Ẹni tí mo mọ̀ ló ṣe é. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ṣáà máa sọ pé gbogbo rẹ̀ lo lè ṣe."

Ní Ọjọ́bọ̀, táì wà lọ́rùn Abẹ́rẹ́, ìdáhùn ọmọ rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ìmọ̀ràn Sítọ́ọ̀ sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta lẹ fẹ́ rí, sà?"

"Ẹni tó pè mí ni, mà."

"Ta ló pè yín?"

"Òun náà ni mo fẹ́ rí."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Iṣẹ́ wo lẹ wá fún?"

Abẹ́rẹ́ nu iwájú orí. "Mà, iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀?"

Obìnrin náà wo ìwé iwájú rẹ̀, ó rí orúkọ, ó ní kó jókòó. Lára ògiri ni Abẹ́rẹ́ ti wá kà á pé ilé ìfọṣọ ńlá ni, tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ iṣẹ́ fún àwọn ilé ìwòsàn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Aṣọ ni, ó kúkú mọ aṣọ.

Àwọn méjì ló bá nínú yàrá: obìnrin onígíláàsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ohùn rẹ̀ ni ohùn inú fóònù, àti ọkùnrin sísanra kan, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń fọṣọ. Obìnrin náà ṣí fáìlì kan. Ó yọ bébà kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó yọ ìkejì. Ó yọ ìkẹta, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ó tẹ́ òun náà.

Abẹ́rẹ́ dá wọn mọ̀. Bọ̀dá Akọ̀wé, ọmọ àti Sítọ́ọ̀, láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan náà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

"Sà," obìnrin náà wí, "olórí ẹ̀ka kan nìyí. Dírẹ́bà ọlọ́dún mẹ́wàá nìyí. Ẹni yìí, mi ò tíì ka ìwé rẹ̀ tán, ó ṣì ń sáré ìdíje ní iléèwé. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ló wá bá wa lónìí?"

Abẹ́rẹ́ wo bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ni kó mú? Bó bá mú olórí ẹ̀ka, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá mú dírẹ́bà, wọ́n lè gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Táì Bọ̀dá Akọ̀wé ń fún un lọ́rùn. Ó la ẹnu pé gbogbo rẹ̀ lòun lè ṣe, ohun mìíràn ló sì jáde.

"Mà, bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni mo pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí èmi náà ti ń wá a."

Ó wá rò fún wọn: ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ọmọ, ọ̀rẹ́, ẹ̀bùn eré sísá, ọkọ̀ tó dé géètì. Ọkùnrin sísanra náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Obìnrin onígíláàsì ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ọkùnrin náà bi í pé, "Ẹ gbọ́ ná. Bí maṣíìnì ìránṣọ bá ń fo rírán, tí òwú ò mú aṣọ níbòmíì, tí ẹni tó ń lò ó sì ní ogún aṣọ tí yóò kó sílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá bi í léèrè ohun tó gbọ́," Abẹ́rẹ́ dáhùn, kò tilẹ̀ ronú. "Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó jókòó tì í ló mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà màá pààrọ̀ abẹ́rẹ́, torí òun ló máa ń fà á jùlọ, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹlòmíì á ti tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀, kó tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló tẹ̀." Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń yí ohun tí kò sí níbẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò ní láti wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ.

Ọkùnrin náà mi orí, ó wo ẹnì kejì rẹ̀. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì.

"Ọ̀rọ̀ yín dáa, sà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé dírẹ́bà ni à ń wá."

"Dírẹ́bà?"

"Ẹni tó máa gbé aṣọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn ló ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀gá yìí ló ní dandan òun á fojú rí ẹni tó ní lẹ́tà mẹ́ta. Ṣé ẹ lè wakọ̀ lóòótọ́?"

"Dé géètì ni, mà."

Obìnrin náà ló sìn ín dé orí àtẹ̀gùn. Ó dúró, ó fọwọ́ lé irin rẹ̀.

"Sà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ àti iṣẹ́ náà síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ̀wé síbi tẹ́ ẹ ò mọ̀. Kẹ́ ẹ tó kọ òmíràn rárá, ẹ kọ́kọ́ ronú ẹni tó ní ìṣòro tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n yanjú. Ẹni náà wà níbì kan, kò mọ̀ yín ni."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó dé àjà kejì, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tú táì. Ó ti rí iṣẹ́ àbí kò rí i? Kò rí i. Kí ló dé tí kò fi dùn ún tó bó ṣe yẹ? Ta wá ló ní ìṣòro tí òun mọ̀ ọ́n yanjú? Ẹni tó bá ní maṣíìnì ìránṣọ tó ti bàjẹ́ ni. Irú èyí tí òun mọ̀. Ta ló ní irú wọn? Ó dìde, ó tún jókòó. Àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náà, níbo ni wọ́n wà báyìí?

Ọ̀dọ̀ Sítọ́ọ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Wọ́n ti tà wọ́n," Sítọ́ọ̀ wí. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá kó wọn. Orúkọ wọn àti àdírẹ́sì ń bẹ lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Àwọn mẹ́fà ló ra maṣíìnì náà. Abẹ́rẹ́ ra ìwé kékeré, ó dà wọ́n kọ síbẹ̀. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà tuntun, ìlà mẹ́wàá péré, èyí tí kò sí ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n lè fi bi í tí yóò máa làágùn. Ọmọ fẹ́ fi olórí ẹ̀ka sí i lẹ́ẹ̀kan sí i; bàbá rẹ̀ wò ó, ọmọ sì pa á rẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́fà ti ní ẹni tó ń tún tirẹ̀ ṣe. Ẹnì kejì, tó ń rán èèpo tìmùtìmù, ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin tó ń rán báàgì ọmọléèwé àti àgọ́, nínú ilé gbọọrọ kan tó ń rùn bí rọ́bà. Maṣíìnì mọ́kànlá ló rà. Àwọn mẹ́rin nínú wọn wà lábẹ́ aṣọ bí ẹni tó ń sùn.

"Ta ló rán yín wá?" obìnrin náà bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Ọwọ́ mi ni àwọn maṣíìnì yín yìí dàgbà sí."

Obìnrin náà ní ẹnì kan ti wá tú wọn wò, ó tò wọ́n padà, síkúrù mẹ́ta sì ṣẹ́ kù tí ẹni náà alára ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Abẹ́rẹ́ ṣí aṣọ kúrò lórí wọn. Ó lọ bá ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń lo ọ̀kan nínú wọn, ó bi í pé, "Kí lo gbọ́ lọ́jọ́ tó dákẹ́?" Ìyẹn ní ó ń dún kìkì-kìkì bí ẹni tí eyín ń dùn. Kí oòrùn tó yí, méjì nínú mẹ́rin ti ń rán.

"Ẹ máa wá ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì," obìnrin náà wí, ó sì padà sídìí ohun tó ń gé.

Abẹ́rẹ́ dúró. Ó ti mú lẹ́tà jáde kúrò nínú àpò, kò sẹ́ni tó gbà á. "Mà, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n máa pè é?"

Ó délé, ó rò fún wọn. Bọ̀dá Akọ̀wé ní òun ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bí, pé ẹni tó bá ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn kò ní pòfo. Ọmọ ní lẹ́tà kúkúrú ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Sítọ́ọ̀ ní èèyàn lèèyàn fi ń ríṣẹ́, ta ló kúkú ní ìwé orúkọ? Abẹ́rẹ́ ń gbọ́, ó ń mi orí fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ jọ òótọ́ díẹ̀, kò sì sí èyí tó pé.

Ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń rán èèpo tìmùtìmù pè é, kò dúró de oṣù tó ń bọ̀ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Abẹ́rẹ́ béèrè orúkọ, ó béèrè ibẹ̀, ó béèrè iṣẹ́, ó kọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó máa wá ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, owó tó dárúkọ sì dára ju ti oníbáàgì lọ. Abẹ́rẹ́ ní kó fún òun ní ọjọ́ méjì. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣí ìwé kékeré náà sórí itan, ó ń wo Ọjọ́rú méjì àti Ọjọ́ Ẹtì méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó pe ìyàwó rẹ̀, "jọ̀ọ́, jókòó tì mí níbí. Má pe Bọ̀dá. Má pe ẹnì kankan. Kí làwa méjèèjì rò pé ká ṣe?"

Ìyàwó rẹ̀ fa àga, ó jókòó, ó sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.